Ohun Tí Mo Fi Rí Àtàrí Mi

Bátìrì mẹ́ta ni mo ní, ọ̀kan ti wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́.
Mo gbé e sọ́tọ̀ sínú garawa iyanrìn lẹ́yìn ilé,
torí iná tó bá sùn nínú bátìrì
kì í pariwo kó tó jí.

Rédíò tí mò ń tún ṣe ní Òkè-Fìà
ló ń gbọ́ bùkátà wa. Ṣùgbọ́n dírónù yìí,
tí mo rà lọ́wọ́ ọmọ kan tó ń ya àwòrán ìgbéyàwó,
apá rẹ̀ kan ti ṣẹ́, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́,
òun ni Ráfátù ìyàwó mi ń pè ní orogún.
“Orogún tí kì í fọ abọ́,” ló wí,
“tí kò mọ̀ ju kó máa jẹ iná mànàmáná lọ.”

Àárọ̀ Sunday, pápá ilé-ìwé kan ní Òkè-Báálẹ̀,
ìrì ṣì wà lára koríko. Mo tẹ bọ́tìnnì.
Ó kùn bí agbọ́n tí wọ́n sọ òkò sílé rẹ̀,
ó dìde.
Mo bojú wo fóònù: mo rí ọkùnrin kan
tó dúró gbagidi bí èèkàn,
àárín orí rẹ̀ pá roboto bí ìdí ìkòkò.
Ta nìyí? Mo gbé ọwọ́. Òun náà gbé ọwọ́.
Ọdún méjìléláàádọ́ta ni mo ti ń gbé àtàrí yìí kiri,
onígbàjámọ̀ mọ̀ ọ́n, ìyàwó mọ̀ ọ́n,
èmi nìkan ni n ò mọ̀ ọ́n rí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló lè dá mi dúró?
Mo rí páànù ìlú tó dípẹtà, àwọ̀ rẹ̀ bí àkàrà tó fẹ́ jóná,
mo rí ojú irin tí koríko ti bò,
Ọ̀ṣun tó ń wọ́ lọ láàárín igi
bí gèlè tó já bọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀rẹ̀ mú.
Mo rí ibi tí ilé bàbá mi ti ń jò,
ihò kan ṣoṣo tí káfíńtà mẹ́ta wá tí wọn ò rí.

Ìyẹ́ wá hù mí lápá.
Mo darí rẹ̀ kọjá ògiri ilé Ìyá Sùbúọ́lá.
Balùwẹ̀ wọn ò lórùlé; n ò rántí.
N ò mọ̀-ọ́n-mọ̀, mo fi Ọlọ́run búra,
ṣùgbọ́n ojú kì í ti kámẹ́rà.
Ó gbójú sókè, ọṣẹ lójú.
Kò pariwo. Ó kàn lóṣòó, ó fi garawa bo àyà.
Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló lé mi wálẹ̀.
Wọ́n ní àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun;
lọ́jọ́ náà, ará ilẹ̀ ni kò mọ̀,
èmi sì ni àwòdì.
Mo lọ dọ̀bálẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo pa àwòrán náà rẹ́ níṣojú rẹ̀.
Ó ní, “O lè pa á rẹ́ nínú fóònù…”
Kò parí gbólóhùn.

Oṣù kejì rẹ̀, àwòdì gidi já a lu lókè ọ̀nà Ìwó.
Ọlọ́kadà kan ń kọjá,
ọmọ méjì lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ ilé-ìwé.
Ìgbọ̀nwọ́ kan ló kù.
Ìgbọ̀nwọ́ kan! Mo ṣì ń wọ̀n ọ́n lójú oorun.

Mo ti gba ìwé àṣẹ báyìí. Akọ̀wé bi mí bóyá amí ni mí;
mo ní òrùlé bàbá mi ni mò ń ṣọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó lu òǹtẹ̀.
N kì í jẹ́ kó lọ kọjá ibi tí ojú lásán ti lè rí i.
Bí èrò bá pé jọ, ní yídì tàbí ní pápá bọ́ọ̀lù, mo yà fún wọn.
Ọ̀nà bàálù, bárékè sójà, n ò tilẹ̀ fi ìka tọ́ ọ.
Bí bátìrì bá ku ìdá kan nínú mẹ́ta, mo pè é wálé,
bí ohun tí mò ń wò ti wù kó dùn tó.
Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìyá Sùbúọ́lá ni mo fi ń mọ atẹ́gùn;
bó bá ti ń fàya, kò sí fífò.

Lánàá, Lámídì ọmọ àbúrò mi bi mí:
“Pẹ̀lú gbogbo èèwọ̀ yìí, kí ló wá kù tó dùn níbẹ̀?”
Mo gbé ẹ̀rọ sókè, mo fi fóònù lé e lọ́wọ́.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
“Bàbá,” ó ní,
“ta ni ọmọ kékeré yẹn?”