Àtẹ̀gùn Mẹ́ta

Wọ́n lẹ ìwé mọ́ géètì ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo:
"Iṣẹ́ wà. Ẹnikẹ́ni lè wá."
Ẹnikẹ́ni ọ̀hún, àtẹ̀gùn mẹ́ta ló dè é lọ́nà.
Ọ̀ṣúngbèmí yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ibẹ̀,
ó ka ìwé náà tán,
ó tún un kà.

Èmi ni mo ń gé aṣọ nínú ilé yẹn lọ́dún náà.
Mo rí i lójú fèrèsé. N kò sọ̀kalẹ̀.

Àwọn bíríkìlà Òkè-Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé yanrìn wá,
ilé ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ ìránṣọ san owó sìmẹ́ńtì,
ọ̀gá wa, lẹ́yìn ìpàdé mẹ́rin àti ìkùnsínú,
buwọ́ lùwé.
Wọ́n bo àtẹ̀gùn náà, ó di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.
Àwa tó lẹ́sẹ̀ méjèèjì la kọ́kọ́ ń sáré gùn ún.

Oṣù parí. Wọ́n ka ìdajì owó fún un.
Ó dá a padà sórí tábìlì, wẹ́rẹ́:
"Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ṣoṣo ni mo rán bí?"

Gbogbo màṣíìnì dákẹ́.
Mo gbọ́ ohùn ara mi, ó ń gbọ̀n:
"Ẹ san án pé."

Kì í ṣe pé mo láyà.
Fèrèsé yẹn ni mò ń wò.