Oògùn Ọjọ́ Ẹtì

Ọwọ́ mi kì í bá mi jí.
Ojú mi á ti là, àkùkọ Bámitálẹ́ á ti kọ lẹ́ẹ̀mejì,
ọwọ́ ṣì ń sùn, ó dì bí ẹ̀kọ àná.
Ìbídùn á gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá nínú abọ́ tánńganran,
màá ki ìka bọ̀ ọ́,
a ó jọ máa wo ojú fèrèsé
títí kùrukùru yóò fi kúrò lórí òkè Ùsì,
títí àtàǹpàkò yóò fi gbọ́ràn.

Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é.
Ibà tó ń wọlé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tó ti oko dé,
tó ń ta òdòdó pupa sí mi láyà;
tí ilẹ̀ bá mọ́, kò ní ṣẹ́ku ẹyọ kan tí n ó fi han nọ́ọ̀sì.
Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀.
Kò sí ibà níbẹ̀. Kò sí jẹ̀funjẹ̀fun.
Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ta ni mo bá jà?
Mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ mi nìkan.

Ní Ìdó, Dókítà Ọ̀gúnjọbí tẹ orúnkún mi wò
bí ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì.
Ó dárúkọ òyìnbó kan tó gùn,
ó ní nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn, bóyá ló ń mú ẹnì kan.
Ẹ̀rín pa mí. Èmi tí n kò jẹ tẹ́tẹ́ rí!
Ó ní ara mi ló ń bá ara mi jà:
ọdẹ tí a gbà kó máa ṣọ́lé
ló ń yìnbọn lu onílé.

Oògùn àkọ́kọ́ wú mi lẹ́rẹ̀kẹ́.
Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n ní, "Ìyá Ìbídùn, ẹ mà ti sanra! Owó ti dé!"
Mo ní àmín.
Ẹ̀rọ mi kejì ni mo tà ra ìsanra náà.

Báyìí, ẹyọ mẹ́fà ni, ó pọ́n bí ìyeyè,
lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ.
Èébì ló ni Àbámẹ́ta mi.
Mo ń dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ odó àwọn ará ẹ̀yìnkùlé.
Láti orí bẹ́ẹ̀dì, mo mọ iyán tó ní kókó;
ọwọ́ ló gbàgbé,
etí kò gbàgbé.

Ìbídùn ló ń di sísọ́ọ̀sì mú, èmi ń fi ojú wọn aṣọ.
Nígbà mìíràn ó máa ń gé e wọ́, a ó sì jà.
Lánàá mo de bọ́tìnnì búláòsì mi fúnra mi,
mẹ́rin nínú márùn-ún.
Mo fi ìkarùn-ún sílẹ̀ fún atẹ́gùn,
mo jáde síta.