Àáké Ọjà Àtákúmọ̀sà

Pupa ni mo nawọ́ sí, ó ń dán bí bàtà ọkọ ìyàwó.
Màmá ní, "Gbé e kalẹ̀. Ọ̀dà kì í la igi."

Ó mú dúdú kan tí kò wu ojú.
Ó fi èékánná ta irin rẹ̀, ó dẹtí sílẹ̀:
ó dún kooro, ó pẹ́ kó tó dákẹ́.
Ó wo ihò rẹ̀, bóyá igi kún un dẹ́nu.
Ó gbé èèkù sójú bí ẹni ń wo ọ̀nà jíjìn,
ó ní, "Àyìn ni. Kò wọ́, kò ní kókó."

Ògúnṣakin ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án.
Màmá ní mẹ́rin.
Wọ́n fà á títí òjò fi ṣú lórí Ìmọ̀.

Ibo ló ti kọ́ ọ? N kò bi í.
Ogún ọdún ló fi la igi
fún ilé búrẹ́dì ní Ìsọ̀kún;
ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ní ahéré bàbá mi
tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí látìgbà tó ti papòdà,
mo gbé ìtì ìtà kan nàró.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.
Ó là, òórùn rẹ̀ gba gbogbo òkùnkùn.

Síbẹ̀, pupa yẹn wuni.