Ohun Tó Já Bọ́ Sínú Ìgò

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbé àdá síwájú sọ́fíyọ̀,
èmi ni mo ń la ojú ìlà, èmi ni mo ń ri òpó sìmẹ́ńtì mọ́lẹ̀.
Igbó tí mo ti bẹ́ ní ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ yìí,
bí a bá tò ó, yóò dé Ìjẹ̀bú-Òde, yóò sì padà wálé.
Nítorí náà, nígbà tí Múínátù, ọmọ kápẹ́ńtà Òkè-Pósí,
sọ pé òun ń wá ẹni tó mọ inú igbó,
mo ti ń ṣírò owó.
"Púlọ́ọ̀tì mélòó lo fẹ́?"
"Síbí mẹ́jọ, Bàbá Lámídì."

A bu mẹ́rin lẹ́yìn ilé-epo tó wà lójú títì,
níbi tí àràbà kan ṣì dúró sí
láàárín ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti taya tí wọ́n jó kù.
A bu mẹ́rin nínú kòtò Erédò,
níbi tí ewé ń bọ́ lé ewé, tí ẹnikẹ́ni kì í gbálẹ̀.
Ilẹ̀ gbé mi mì dé ọrùn ẹsẹ̀,
ó ń rùn bí ìkòkò àgbo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí.

Nílé wọn, ó gbé àrọ méjì sábẹ́ gílóòbù,
asẹ́ lókè, ìgò sípírítì nísàlẹ̀.
Ó ní ohun tó ń gbé inú ilẹ̀ kórìíra ìmọ́lẹ̀:
bí ooru bá dé, wọ́n á máa sá lọ sísàlẹ̀, sísàlẹ̀,
títí ìsàlẹ̀ fi máa tán.
Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, n kò mọ ìdí.
Lálẹ́ ọjọ́ kejì wọ́n mú iná lọ.
Bàbá rẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀, ó ń ráhùn:
"Epo náírà mélòó ni mo fẹ́ sun fún eégbọn?"

Eégbọn kọ́, àmọ́ ìbátan rẹ̀ ni.
Ẹsẹ̀ mẹ́jọ, kì í mu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni;
ewé jíjẹrà ló ń rún lẹ́nu.
Múínátù ní kí n fi ojú kan sí awò.
Yéè!
Ọ̀kan ń dán bí ẹ̀wà tí a fi epo pa.
Ọ̀kan ti ká ara rẹ̀ sínú bí ahun, ó ti ilẹ̀kùn.
Ọ̀kan ní ìyẹ́ léjìká tí kò lè gbé e fò,
irun ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn burúkú.
Ilẹ̀, ògẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí,
bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kì ọ́ láti kékeré mi,
n kò mọ̀ pé orí tí ò ń fi ọkọ́ yẹ yìí ní iná,
pé iná orí rẹ ló ń se oúnjẹ wa.

Mo rò pé ìgò ẹ̀yìn ilé-epo máa ṣófo.
Kò ṣófo. Ó tilẹ̀ pọ̀ ju ti Erédò lọ!
Ṣùgbọ́n gbogbo wọn jọra bí ọmọ iléèwé nínú yunifọ́ọ̀mù:
irú mẹ́rin péré.
Ti Erédò, ó ka irú mọ́kàndínlógójì, ó rẹ̀ ẹ́, ó gbé bírò sílẹ̀.
Àwọn kan níbẹ̀ a máa lo ọdún méjì kí wọ́n tó bímọ;
bí a bá lé wọn, wọn kì í tètè padà.
Mo rántí òpó tí mo rì sẹ́yìn ilé-epo yẹn.
Mo rántí nọ́ńbà ara rẹ̀.

"Kòtò Erédò náà ńkọ́?" mo bi í.
"Ṣebí ọkọ́ ló gbẹ́ ẹ, ṣebí ènìyàn ló kó ilẹ̀ ibẹ̀ síta?"
Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún.
Ìgò ló ń wò, kò wò mí.

Láti ìgbà náà mo ti gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó mi
lábẹ́ igi fúrúùtù ẹ̀yìnkùlé.
Sínọ̀tù ní ọjọ́ ogbó ti ń dà mí lórí rú: bí ejò bá wá ńkọ́?
Ewé méje ti bọ́ láti àárọ̀.
Mo ń kà wọ́n, n kò tíì dá a lóhùn.