Ojú Ìwé Kẹtàdínlógójì

Èmi ni mo ń kọ ìwé ìjẹ́rìí ní ìjọ wa n'Ìṣarà,
ọdún kọkànlá rèé.
Gègé mi ti kọ àgàn tó dọlọ́mọ,
ó ti kọ obì tí kòkòrò yà sílẹ̀, tó jẹ ti aládùúgbò.
N kì í béèrè. Wọ́n bá sọ, mo kọ.

Àfi Ọjọ́ Ìsinmi tí Mọrẹ́níkẹ́ dìde,
báńdéèjì lórí, léèsì funfun lára,
ó ní ọkọ̀ yí lẹ́ẹ̀mẹta ní Sápádé,
èèyàn méje lọ, òun nìkan ló jáde,
"nítorí mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí n tó gbéra.
Ọlọ́run mi kì í sùn!"
Ìjọ bú sáyọ̀.
Mo ti kọ ọ́ dé "kì í sùn"
kí n tó rí Ìyá Kọ́yè ní ìjókòó kẹta,
dúdú láti orí dé ẹsẹ̀,
tó ń ka ìka ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń ka owó tí kò pé.

Alàgbà Ọnàfúwà wà nínú méje yẹn.

Lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ẹnu yapa.
Àwọn akọrin ní bóyá baba ò gbààwẹ̀.
Bàbá Ṣọ́nẹ́yẹ ní ikú olódodo, ìsinmi ni.
Fọlúṣọ́, tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lójú títì, ní:
"Táyà ló bẹ́. Mo rí i. Ó ti dán bí orí apárí."
Wọ́n ní kó lọ fọ ẹnu rẹ̀.

Ìyá Kọ́yè nìkan ni ò gbóhùn sókè:
"Ọkọ mi ló gbàdúrà nínú ọkọ̀ yẹn.
Ó ṣí fìlà ní garéèjì, ó gbà á fún gbogbo wọn.
Mọrẹ́níkẹ́ kàn ṣe Àmín ni.
Ṣé Àmín wá ju àdúrà lọ ni?"

Lálẹ́, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi.
Mọrẹ́níkẹ́ ni, láìsí gèlè, láìsí ohùn àárọ̀.
"Akọ̀wé, ó ku ohun tí n kò sọ.
Èébì ń gbé mi. Mo bẹ Alàgbà,
ó dìde fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
ó bọ́ sí ààyè mi.
Tí mo bá ní Ọlọ́run ló ṣe é,
ṣé òun ló rán èébì sí mi lọ́fun?
Tí mo bá ní kì í ṣe òun,
kí ni mo gbààwẹ̀ fún?"

Mo bu gàrí fún un. Kò mu ún.
Ẹsẹ Bíbélì tí mo mọ̀, ọ̀kan ò jáde.
Òjò ń kán sínú abọ́ tí mo gbé sábẹ́ òrùlé,
òrùlé tí mo ti ń gbàdúrà lé lórí láti èṣí.

Pásítọ̀ ní kí n fi ìlà pupa fa gbogbo rẹ̀ dànù.
N kò fà á. N kò sì parí ẹ̀.
Lábẹ́ "kì í sùn", mo kọ:
*Fèrèsé. Alàgbà dìde.*

Láàárọ̀ yìí Kọ́yè dé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ó ní ìyá òun fẹ́ yá ìwé náà,
á dá a padà kó tó di Ọjọ́ Ìsinmi.
Òjò ò tíì dá. Mo fi ewé gbòdògì wé e bí obì.
Ọmọ náà gbé e mọ́yà,
ó ń fẹ̀sọ̀ tẹlẹ̀ nínú ẹrẹ̀.