Ẹfun Abẹ́ Èékánná

Ìlú Àtijọ́ ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, Ẹskiṣẹhírì,
ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì
n ò tíì rí ẹni tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí.
Ọ̀dọ́, ọ̀dọ́, ọ̀dọ́. Irun aláwọ̀ ewé. Gìtá lẹ́yìn.
Ọmọbìnrin kan ń fi eyín pa kóró òdòdó oòrùn,
ó ń tu èèpo rẹ̀ sínú ife ìwé,
ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, ìyá,"
bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Mo di ẹrù wá láti Ẹmídáà:
wàràkàṣì tí mo fi awọ ewúrẹ́ dì,
ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn,
ẹyin tí mo fi ìwé ìròyìn wé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ọ̀kan fọ́. N ò sọ.

Létí odò Pọ́sùkù ni Tunjáyì ti pàdé mi.
Ọdún mẹ́ta ló ti wà ní yunifásítì,
bí wọ́n ṣe ń kọ́ afárá ló ní òun ń kọ́,
nítorí náà mo ń ka afárá bí a ṣe ń lọ:
ọ̀kan onírin, ọ̀kan onígi,
ọ̀kan tí wọ́n so òdòdó mọ́ lọ́rùn bí àgbò iléyá.
Mo ní, "Èwo ló lágbára jù nínú wọn?"
Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká jẹun ná."

Ṣíbọ̀rẹ́kì ni wọ́n gbé wá, oúnjẹ àwọn ará Tàtá,
ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ tí ẹran sá pamọ́ sí nínú.
Omi rẹ̀ jó mi lẹ́nu.
Ìgbà tó nawọ́ sí ife tíì ni mo rí i:
ẹfun lábẹ́ èékánná rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.
Mo ní ilé búrẹ́dì ló ń bá ṣiṣẹ́ lóru
kó lè rí owó ilé san.
Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé òkèlè kọ̀, kò lọ.

Kò bá mi jiyàn. Ó dìde, ó mú mi gun òkè
lọ sáàárín àwọn ilé onígi, aláwọ̀ ìyeyè, aláwọ̀ aró,
tí fèrèsé òkè wọn yọ síta bí ẹni ń yọjú wo ìjà.
Nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ
ọ̀gá Rukinẹ́tì jókòó, eruku funfun bò ó
bí ẹni tí yìnyín ti ń rọ̀ lé lórí látàárọ̀.
"Ìyá Tunjáyì? Ọmọ yín lọ́wọ́."
Ó lọ́wọ́! Bí ẹni pé àwa tó kù ò ní méjì-méjì.

Ó fi òkúta kan lé mi ní àtẹ́lẹwọ́.
Nínú kànga jíjìn ni wọ́n ti ń wà á, ó ní;
bó bá tutù, ọ̀bẹ á gé e bí ọṣẹ;
bó bá gbẹ, á fúyẹ́, á léfòó.
"Òkúta, kó léfòó?"
"Òkúta, kó léfòó."
Tunjáyì ò wojú mi. Òkúta ló ń wò.
Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni kò ti wọ kíláàsì.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí baba rẹ̀ ìbá sọ ló tò sí mi lẹ́nu:
owó àgùntàn mọ́kànlá, owó ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kànga,
"Ìyá Ẹnjiníà" tí wọ́n ti ń pè mí lójà.
Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé,
"Ẹyin kan fọ́ lọ́nà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún díẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú,
ẹfun náà sì kù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Lálẹ́, pẹ́pẹ́yẹ ń sùn lábẹ́ afárá,
àwọn ọmọ ń ka ìwé ìdánwò lábẹ́ iná títì.
Mo ní kó ju òkúta gbígbẹ kan sómi kí n rí i.
Ó rì díẹ̀. Ó yọrí.
Ó ń bá odò lọ lábẹ́ àwọn afárá tí ọmọ mi kò ní kọ́.

N ò tíì mọ ohun tí n ó sọ fún wọn ní Ẹmídáà.
Bọ́ọ̀sì aago méje ni.
Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ mi,
ó kù kí n tún gìgísẹ̀ rẹ̀ hun.