Omi Eérú

"Ojú oró ní í lékè omi": wọ́n fi ṣàdúrà fún mi
lọ́jọ́ tí mo kúrò ní Ẹ̀pẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́.
Àdúrà náà gbà jù.
Nígbà tí mo padà dé, ewé ti bo ọ̀sà
títí dé ibi tí ojú kò ká mọ́.
Ọkọ̀ Jínádù há sínú rẹ̀ bí eegun ẹja lọ́fun,
àwọ̀n rẹ̀ ń kó gbòǹgbò,
ẹja ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nísàlẹ̀.

Mo ní: iná ń bẹ nínú ewé yìí.
Mo ra táǹkì dúdú méjì, mo so rọ́bà mọ́ wọn lẹ́nu,
mo po ìgbẹ́ màlúù mọ́ omi,
mo ju ewé sí i lódindi, mo dé e pa.
Ọjọ́ méje. Ọjọ́ mẹ́rìnlá.
Lọ́jọ́ kọkànlélógún mo ṣáná sẹ́nu rọ́bà.
Ìṣáná jó tán, ó jó mi níka.
Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.
Mo ṣí táǹkì: ewé léfòó, ó tutù yọ̀yọ̀,
ó lékè, gẹ́gẹ́ bí àdúrà.

Sàúdátù ìyá Jínádù,
tí ogójì ọdún nídìí ẹja yíyan ti sọ ojú rẹ̀ di pupa,
wo inú táǹkì, ó pòṣé.
"Ṣé odindi ẹ̀gẹ́ láìrẹ ni ìyá rẹ fi ń se fùfú?
Ohun tó wà nínú ìkòkò rẹ yẹn, kò léyín.
Bá a rún un."

A fi àdá gé ewé wẹ́wẹ́.
Ó kó eérú abẹ́ ẹja rẹ̀ sínú ajere, ó da omi lé e,
omi pupa ń kán, tó, tó, tó,
irú èyí tí ìyá tirẹ̀ fi ń se ọṣẹ.
Ó fi ìka méjì pa á. Ó yọ̀. "Ó ti tó."
A rẹ ewé sínú rẹ̀ di ọjọ́ kẹta,
ìtì tó ń ṣorí kunkun rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná.
Ìwé mi ní orúkọ gígùn kan
fún ohun tó di ewé mú gírígírí,
tí kì í jẹ́ kí kòkòrò ríbi wọlé.
Sàúdátù pè é ní agídí.

Mo fẹ́ kó o sí táǹkì. Ó gbá mi lọ́wọ́.
"Ṣàn án ná! Omi tó bó ewé láwọ̀
yóò bó ìfun ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, rọ́bà wú.
Iná náà búlúù, ó kéré, kò pariwo.
Sàúdátù kò pàtẹ́wọ́. Ó tẹ̀ ba, ó wò ó pẹ́.
"Kò léèéfín," ó ní, "kí n máa fi kí ni yan ẹja?
Kò sì léérú.
Kí la ó wá fi rẹ ewé tó ń bọ̀?"

N kò rí i nínú ìwé.
Ó gbé omi tíì lé e.
Lórí ọ̀sà, Jínádù ti la ọ̀nà kan
tí kò fẹ̀ ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ.
Ewé ń pa á dé bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.